Pátákó Fuatino Lórí Kọ́nà

"Òjò fẹ́ rọ̀," ni Uelese wí.

Fuatino gbójú sókè lórí maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, ó wo ojú ọ̀run. Ojú ọ̀run mọ́ gaara, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń tàn sórí òkun. "Òjò kẹ̀, bọ̀dá mi?"

"Ó lè jẹ́ lọ́la."

"Ẹ ṣeun tí ẹ wá sọ fún mi." Ó tún fẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì náà, aṣọ funfun kékeré kan sì ń gba abẹ́ abẹ́rẹ́ kọjá. Sọ́ńdè àwọn ọmọdé ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sì sí ọmọ tó máa wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà láìwọ aṣọ funfun tuntun. "Ẹ jẹ́ kí n bu kòkó gbígbóná fún yín."

"Ẹ má ṣèyọnu. Mo ti fẹ́ máa lọ."

Kò lọ. Ó jókòó sórí ẹní, ó ká ẹsẹ̀ jọ, ó ń fọwọ́ pa agolo ẹran tó gbé wá lórí bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Lánàá, kókò ló gbé wá. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹja ni. Bí ọkùnrin bá ń gbé oúnjẹ lọ sílé arábìnrin rẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò kú, tí ẹnikẹ́ni ò sì gbéyàwó, àwa ará Vaimagalo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nínú ikùn rẹ̀. Ilé olópòó tí kò ní ògiri ni ilé Fuatino, bí ilé gbogbo wa ṣe rí. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, gbogbo abúlé ló ń wò ó. A rí Uelese bó ṣe ń lanu tó tún ń pa á dé.

Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ kò gùn rárá. "Fuatino, pátákó yín kò ní ìwé àṣẹ. Ẹ jẹ́ ká gbé e kúrò kí Fúráídè tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ ọ́fíìsì wa ń bọ̀ wá hú u lójú gbogbo ayé, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ mi." Ó parí. Ọmọ kékeré lè jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé.

Ṣùgbọ́n Uelese kì í ṣe ọmọ kékeré. Arákùnrin ni, arábìnrin sì ni Fuatino, ẹni tó bá jẹ́ ọmọ erékùṣù wa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Arábìnrin ni ẹyinjú arákùnrin rẹ̀. Ọkùnrin kì í pariwo mọ́ ọn, kì í já a níyàn, kì í sọ ohun tó máa mú ojú tì í. Bí ó bá ní òun fẹ́ nǹkan, ọkùnrin kì í béèrè ìdí. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò níbẹ̀. Uelese ti fẹ́rẹ̀ẹ́ hu ewú tán, òun ló sì gbé Fuatino pọ̀n nígbà tí ìyá wọn ń lọ sóko, síbẹ̀ títí di òní ni ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ìyàwó pásítọ̀ sọ̀rọ̀.

Àìbéèrè ìdí yẹn gan-an ló dá ọ̀ràn sí i lọ́rùn. Ní Sọ́ńdè kan, lẹ́yìn ìsìn, bí gbogbo ẹbí ti ń jẹun, Fuatino kàn sọ ọ́ lérèfèé pé àwọn oníbàárà òun máa ń kọjá ilé òun, wọ́n á rìn dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ti ṣìnà. Kì í ṣe Uelese ló bá wí. Ṣùgbọ́n Uelese kò jẹ gbẹ̀rẹ̀fùtù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Nígbà tó fi máa di Sátidé, ó ti gé pákó, ó ti fá a, ó ti kùn ún, ó ti ya òdòdó pupa ńlá sí i lára, ó ti kọ ọ́ gàdàgbà pé FUATINO, TÉLỌ̀ AṢỌ ṢỌ́Ọ̀ṢÌ ÀTI TI ỌMỌDÉ. Ó rì í sí orí kọ́nà, létí títì gan-an, níbi tí afọ́jú pàápàá kò fi ní kọjá láìrí i. Àwọn awakọ̀ rí pátákó náà dáadáa. Ara wọn ni wọn ò rí mọ́.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn níbẹ̀. Iṣẹ́ wo ni Uelese ń ṣe ní Apia, olú ìlú wa, láti ọdún pípẹ́ wá? Òun ni ọ́fíìsì ètò ìlú ń rán kiri láti wo pátákó! Ó ti hú ti onílé ìtura. Ó ti hú ti ọkùnrin kan tó ń ta ẹlẹ́dẹ̀, tí ọkùnrin náà sì bú u dé ọ̀dọ̀ baba ńlá rẹ̀. Bí ẹ bá jí i lójú oorun, yóò ka òfin náà fún yín: inú ilẹ̀ ara ẹni ni kí pátákó wà, kó má ṣe bọ́ sí ilẹ̀ títì, kó má dí ojú awakọ̀, kí nọ́ńbà ìwé àṣẹ sì wà ní igun ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo èyí ló mọ̀ bí ẹni mowó, kò sì sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó wá sí i lọ́kàn lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ló rì pátákó náà. Arákùnrin Fuatino ló rì í.

Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Láàárọ̀ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ọ̀gá rẹ̀ pè é.

Makerita ni orúkọ ọ̀gá náà. Ọmọ wa ni, ṣùgbọ́n Auckland, lókè òkun, ló dàgbà sí. Ó gbọ́ èdè wa, ó ń ṣiṣẹ́ kára, kì í gba rìbá, kò sì níwà burúkú. Ohun tí kò mọ̀ kò ju àwọn nǹkan tí ẹnikẹ́ni kì í fi ẹnu kọ́ ọmọ lọ, nítorí pé inú rẹ̀ la ń bí ọmọ sí. Ó na fóònù sí Uelese. Àwòrán pátákó kan wà lójú rẹ̀, pẹ̀lú òdòdó pupa.

"Ọ̀gbẹ́ni Uelese, dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì kan ló fi èyí ránṣẹ́. Ó ní díẹ̀ ló kù kí òun kọlu ọkọ̀ mìíràn nítorí pátákó yìí. Vaimagalo ló wà. Ṣé kì í ṣe abúlé yín nìyẹn?"

"Abúlé wa ni, mà."

"Ẹ mọ ẹni tó ni ín?"

Uelese wo àwòrán náà títí. "Arábìnrin mi ni."

Makerita pàtẹ́wọ́. "Ó mà dáa o! Mo ti ń rò ó pé àjèjì aláriwo kan ni a tún fẹ́ bá fà á. Tó bá jẹ́ arábìnrin yín ni, iṣẹ́ ti parí. Ẹ kàn ní kó gbé e kúrò."

Akọ̀wé tó jókòó nítòsí dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ọkùnrin tó ń mu tíì gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò sẹ́ni tó wo Uelese lójú.

"Tó bá fúnra rẹ̀ gbé e kúrò kí ọwọ́ wa tó kàn án, ọ̀rọ̀ tán," ni Makerita ń bá a lọ. "A ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di Fúráídè tó ṣì wà níbẹ̀, ọkọ̀ wa á lọ hú u, a ó sì wádìí ẹni tó rì í. Ẹ sì mọ ohun tí mo sọ nígbà tí mo dé: òṣìṣẹ́ wa tó bá lọ́wọ́ nínú pátákó tí kò gbàṣẹ, ilé ló ń lọ. Kì í ṣe pé mo ní òṣìṣẹ́ wa ló ṣe èyí o." Ó tún wo àwòrán náà. "Ẹni tó kùn ún mọṣẹ́, ká sòótọ́."

"Ẹ ṣeun, mà," ni Uelese wí, kó tó rántí pé kì í ṣe òun ló yẹ kó dúpẹ́.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ kiri nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Wẹ́sídeè tó sọ ọ̀rọ̀ òjò, ó bá Ianeta ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tó ń ha àgbọn.

"Ẹ ti sọ ọ́?" ni Ianeta bi í.

"Mo sọ nǹkan."

"Kí lẹ sọ?"

"Mo ní òjò fẹ́ rọ̀."

Ianeta gbé àgbọn sílẹ̀. "Lánàá ńkọ́?"

"Lánàá, mo ní ẹja ti gbówó lórí."

"Yéè! Bàbá Lagi! Mi ò mọ̀ pé rédíò ni mo fẹ́."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, jàre. Ìwọ náà bá mi sọ fún un."

"Ta ni? Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó ilé? Kí n gbéra lọ sọ fún ọmọ ilé pé kó wó nǹkan rẹ̀ dànù? Ẹ kúkú wí i pé ẹ fẹ́ kí wọ́n dá mi padà sí abúlé wa." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tí irin àdúrà ìrọ̀lẹ́ bá dún lọ́la, tí gbogbo ayé bá wọlé, ẹ yáa lọ hú u."

"Kí n yọ́ kẹ́lẹ́ lọ jí nǹkan Fuatino? Èmi?" Ojú Uelese pọ́n. "Ó sàn kí iṣẹ́ bọ́."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ianeta. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń tọ́ Lagi nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Apia, ọkọ rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin tó lè lọ máa já èso ní oko àwọn òyìnbó. "Gbólóhùn kan ṣoṣo ni o, Bàbá Lagi."

"Kì í ṣe gbólóhùn kan." Uelese jókòó sórí gbòǹgbò igi. "Èmi ni mo fún un. Inú rẹ̀ dùn sí i bí ọmọdé. Tí mo bá wá ní kó wó o, ohun tí mò ń sọ ni pé ìtìjú ni mo kùn lọ́dà, tí mo rì sí iwájú ilé rẹ̀. Ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́?"

Ianeta dìde nídìí àgbọn. Ó bu oúnjẹ fún un, kò sì dá a lápàárá mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo fẹ́ràn obìnrin náà nítorí irú nǹkan báyìí.

Ní Tọ́sìdeè, búrẹ́dì ló gbé lọ. Àwọn obìnrin méjì ń gba aṣọ ọmọ wọn lọ́wọ́ Fuatino, ó dúró dìgbà tí wọ́n lọ. Ó ti ronú ọ̀nà tó máa gbé e gbà nínú bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú obìnrin ọlọ́jà kan tó jókòó lé e lẹ́sẹ̀ láti Apia títí dé Vaimagalo, nítorí bọ́ọ̀sì náà kún.

"Afẹ́fẹ́ orí kọ́nà yẹn mà le o," ló fi bẹ̀rẹ̀.

"Ó le."

"Òpó pátákó lè máà gbà á."

"Òpó tí ẹ̀yin rì?" Fuatino rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá mi, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìjì ńlá yẹn jà, ilé wo ni òrùlé rẹ̀ ò ṣí ní Vaimagalo bí kò ṣe ilé tí ẹ kọ́?"

Ọ̀nà kan ti dí. Uelese wá ọ̀nà mìíràn. "Àwọn dẹ́rẹ́bà wọ̀nyí, kò yẹ kí wọ́n máa wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Títì ló yẹ kí wọ́n máa wò."

"Ó rẹwà lójú wọn ni. Lánàá, ìyá kan wá láti Apia, ó ní òdòdó yẹn lòun rí tóun fi ní kí bọ́ọ̀sì dúró. Aṣọ gbogbo ọmọ rẹ̀ ló gbé fún mi rán." Ó ń ká téèpù mọ́ ìka rẹ̀. "Ẹ mọ ohun tó dùn mọ́ mi jù? Obìnrin náà bi mí pé ta ló kọ ọ́. Mo ní arákùnrin mi ni. Ó ní, 'Háà, o láyọ̀ o.' Mo ní mo mọ̀."

Uelese wo búrẹ́dì. Ó tì í sún mọ́ Fuatino.

Fuatino dáwọ́ téèpù dúró. Ojú rẹ̀ wà lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bọ̀dá mi, ṣé ara yín le?"

"Ó le."

"Ianeta ńkọ́? Lagi ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni wọ́n wà."

"Ṣé níbi iṣẹ́ ni?"

Uelese lanu. Mo fi Ọlọ́run búra, lọ́tẹ̀ yìí ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè. Ni wọ́n bá lu irin àdúrà, gbọ̀ngan, gbọ̀ngan, gbogbo abúlé dákẹ́ rọ́rọ́, onílé wọlé, ọmọ tó ń sáré dúró. Fuatino tẹrí ba, ó bẹ̀rẹ̀ orin. Uelese bá a gbè é. Ó gbàdúrà kíkankíkan pé kí ilẹ̀ Fúráídè má mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ́.

Ọkọ̀ akẹ́rù ọ́fíìsì dé nígbà tí ìrì kò tíì gbẹ tán. Dẹ́rẹ́bà ló wà níwájú, Makerita jókòó tì í, Uelese wà lẹ́yìn láàárín dígà àti ṣọ́bìrì, ó ń wo títì tó ń sá lọ. Kò sẹ́ni tó ní kó bá wọn wá. Ó ní òun ń bọ̀ ni. Bí wọ́n bá fẹ́ dójú ti Fuatino, kò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun.

Àárọ̀ náà kò dáa rárá fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí ilé Fuatino kún. Àwọn ìyá jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ọmọ wọn, wọ́n ń dúró kí wọ́n wọ aṣọ wò. Àwa tí a ò ní ọmọ tó ń wọ aṣọ wò pàápàá rí ìdí tí a fi gba ibẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. Makerita sọ̀kalẹ̀. Dẹ́rẹ́bà kò sọ̀.

"Ẹ bọ́ sílẹ̀ ká hú u," ni Makerita wí.

"Ẹ̀yìn ń dùn mí, mà," ni dẹ́rẹ́bà dáhùn. Ó wo Uelese, ó wo ilé Fuatino, ó di sítíárì mú ṣinṣin. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ báyìí ni."

Ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀yìn kọ́ ló ń dùn ún? Ẹni tó bá bá wọn fi ọwọ́ líle kan nǹkan arábìnrin lójú arákùnrin rẹ̀, kó má ṣe sùn dáadáa mọ́ títí ayé ni.

Fuatino jáde wá, téèpù lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ láyà aṣọ rẹ̀. Makerita kí i dáadáa, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ó ní òun ò fẹ́ kó rí báyìí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Uelese ti bá yín sọ ọ́ láti Mọ́ńdè, àbí?"

Fuatino wo ọkọ̀ náà, ó wo dígà, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn ọkọ̀ tí orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀. Ẹja yẹn, kókò yẹn, òjò yẹn, búrẹ́dì yẹn, gbogbo rẹ̀ tò wá bá a níwájú lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó sọ," ni Fuatino wí. "Ojoojúmọ́ ló ń wá. Èmi ni mi ò gbọ́."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ẹ kọ̀," ni Makerita wí, inú rẹ̀ kò sì dùn. "Ta ló bá yín rì í, mà? Mo ní láti béèrè."

"Èmi ni mo ni ín."

"Mo mọ̀. Ta ló rì í?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n rì í. Ẹ̀bi mi ni."

Ibẹ̀ ni Uelese ti gbórí sókè. Ó lè dúró kí òun tìkára rẹ̀ jìyà, ṣùgbọ́n kí Fuatino dúró láàárín títì kó máa gba ẹ̀bi níwájú àwọn ọmọ aláṣọ funfun, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. "Èmi ni, mà. Èmi ni mo gé e, èmi ni mo kùn ún, èmi ni mo rì í. Kò ní kí n ṣe é. Kò mọ̀ pé kò gbàṣẹ. Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀."

Makerita wò ó bí ẹni pé Uelese gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Auckland. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin yìí ju èmi lọ? Ṣé ẹ ò bi í bóyá ó ti gbàṣẹ ni?"

"Arábìnrin mi ni, mà," ni Uelese wí.

Àwọn ìyá orí ẹní mi orí. Dẹ́rẹ́bà náà mi orí níbi tó wà. Makerita wo gbogbo wa yíká, mo sì rò pé ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ fura pé nǹkan kan wà tí òun nìkan ni kò mọ̀. Ó fa kálàmù yọ, kò sì kọ nǹkan kan.

Uelese nawọ́ mú dígà. Ó rìn dé ìdí pátákó, ó gbé dígà sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ó tún gbé e. Òdòdó pupa yẹn ń wò ó lójú koroko. Kò lè ṣe é. Ọ̀gá rẹ̀ ń wò ó, iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ, kò sì lè ṣe é.

"Bọ̀dá mi."

Fuatino ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò pariwo, ṣùgbọ́n ohùn tó fi ń pín iṣẹ́ fún wa lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ló fi sọ̀rọ̀, ohùn tí ẹnikẹ́ni kì í bá jà.

"Ibi tí pátákó mi wà yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn mọ́," ló wí. "Ẹ bá mi hú u. Ẹ gbé e wá sínú ilé mi. Kíákíá, ẹ jọ̀ọ́, oníbàárà ń dúró dè mí."

Uelese wò ó. Omi lé sí i lójú.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ mi ni?"

"Mo gbọ́, Fuatino."

Ó fi dígà kàn án. Ẹ ò ì rí ènìyàn tó ń hú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí! Arábìnrin rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, kí ló tún kù? Ó yọ òpó kìíní, ó yọ èkejì, ó dí ihò wọn, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn dẹ́rẹ́bà náà san lójijì, ó fò bọ́ sílẹ̀, ó bá a di orí pátákó mú kí ọ̀dà rẹ̀ má bàa há.

Makerita dúró létí títì títí tí wọ́n fi gbé e sílẹ̀. Ó wá béèrè jẹ́jẹ́. "Olóhun ló ní kí wọ́n gbé e kúrò, àbí?"

"Èmi ni," ni Fuatino wí.

"Ọwọ́ ọ́fíìsì kò sì tíì kàn án."

"Ẹ̀yin náà ẹ rí i."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà nìyẹn." Ó ki kálàmù bọ àpò. "Ẹ wá gba ìwé àṣẹ, mà, kí ẹ rì í sínú ilẹ̀ yín. Ẹni tó bá ní irú òdòdó yìí kò yẹ kó fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, Ọ̀gbẹ́ni Uelese, láti Mọ́ńdè, mi ò fẹ́ rí yín ní apá ibí mọ́. Apá ìlà-oòrùn lẹ ó máa wò. Ẹ ò ní arábìnrin níbẹ̀, àbí ẹ ní?"

Uelese ronú. Kì í purọ́. "Àwọn ọmọbìnrin àbúrò bàbá mi wà níbẹ̀, mà. Arábìnrin mi náà ni gbogbo wọn."

"Mélòó ni wọ́n?"

"Àbúrò bàbá mi bímọ gan-an, mà."

Makerita fi ọwọ́ bojú, ó wọ ọkọ̀. A rí èjìká rẹ̀ tó ń mì, a sì mọ̀ pé ẹ̀rín ni.

Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, tí àwọn ìyá tún ń bọ aṣọ sí ọmọ wọn lọ́rùn, Uelese àti Fuatino dúró ti pátákó náà tó wà nílẹ̀ láàárín koríko.

"Ẹ̀rù yín ló bà mí," ni Uelese wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ forí jì mí."

"Ẹ̀rù yín bà mí náà." Fuatino ń yọ koríko tó lẹ̀ mọ́ òdòdó náà. "Láti ọjọ́ tí ẹ ti rì í ni mo ti wo igun ìsàlẹ̀, tí mi ò rí nọ́ńbà. Pátákó tí ìyàwó pásítọ̀ gbé síwájú ilé rẹ̀ ní nọ́ńbà. Mo fẹ́ bi yín. Mo ní, kí n bi bọ̀dá mi bóyá ó mọ iṣẹ́ rẹ̀? Mo dákẹ́."

Uelese wò ó, ẹ̀rín sì pa á, ẹ̀rín tó ti wà níbẹ̀ láti Mọ́ńdè tí kò ráyè jáde. Fuatino náà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Uelese fi ní láti jókòó sórí koríko, àwọn ọmọ aláṣọ funfun náà sì ń rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ń pa àwọn lẹ́rìn-ín.

Fuatino nu ojú rẹ̀ nù. "Ẹ gbọ́, bọ̀dá mi. Láti òní lọ, tí mo bá ṣe ohun tí kò tọ́, ẹ sọ fún mi. Ẹ sọ ọ́ sí mi lójú. Mi ò fẹ́ kí ẹ tún máa gbé ẹja kiri bí ẹni tó ṣẹ̀. Ẹ ṣèlérí fún mi."

Uelese wo ọwọ́ rẹ̀ tí erùpẹ̀ bò, ó wo àbúrò rẹ̀, ó rò ó tọkàntọkàn, nítorí kò tíì kọ nǹkan fún un rí láyé.

"Èyí le jù, Fuatino," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè nǹkan mìíràn."